Àìsàn Tó Ń Bá Awakọ̀ Jókòó

Ìjókòó ni orísun ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń bá awakọ̀ ọ̀nà jíjìn fínra. Lọ́dún 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London: àìsàn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ńdọ́ lọ. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀. Dírẹ́bà kò kúrò lójú kan.

Ìjókòó ti awakọ̀ tó ń gba Òkókómáíkò, nítòsí Ìbà Housing Estate, lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀ tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì yìí wà lára ọ̀nà tó gba Benin, Tógò àti Gánà dé Abidjan, nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ibi tí yóò ti tọ̀ ṣọ̀wọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òǹgbẹ sì ni ẹlòmíì fi ń yẹra fún wàhálà yẹn. Àìmu omi tó lè dá òkúta sínú kíndìnrín. Ìtọ̀ tí wọ́n ń há mọ́ra lè kó àrùn sí àpò ìtọ̀. Kòtò ojú títì ń gbo ọ̀pá ẹ̀yìn ní tirẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń pè ní BP, ló burú jù nítorí kì í sábà dun èèyàn. Ó lè ti dé 140/90 tàbí kó ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ni ín máa wakọ̀ lọ, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dá a dúró. Oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀, mínírà àti sìgá ń ràn án lọ́wọ́.

Oorun ńkọ́? Ìwádìí tí Dawson àti Reid ṣe ní Ọsirélíà lọ́dún 1997 fi hàn pé ẹni tó ti lajú fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tó ti mutí. Obì ń lé oorun sẹ́yìn díẹ̀, kò lè san gbèsè rẹ̀. Paraga ń dá kún un. Tramadol tí àwọn kan ń lò sí ìrora ẹ̀yìn àti àárẹ̀ lè mú kí gìrì gbé awakọ̀ lórí eré.

Lọ́dún 2002, orílẹ̀-èdè márùn-ún tó wà lójú ọ̀nà Abidjan sí Èkó dá àjọ kan sílẹ̀ láti gbógun ti kòkòrò HIV láàárín àwọn awakọ̀ àtàwọn tó ń gbé nítòsí ibodè, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sùn de ìwé. Ó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ kan náà mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ilé ìwòsàn bá ṣí, awakọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Inú gáréèjì ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bá a, kí ọkọ̀ tó kún.