Ìràwọ̀ Tabby: kí ló ń dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gan-an?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn kọ́ nǹkan ràgàjì yí ìràwọ̀ kan ká? Ọ̀rọ̀ yẹn tàn ká gan-an lọ́dún 2015. Òótọ́ ni pé ìràwọ̀ náà wà, ìṣe rẹ̀ ò sì jọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ti àwọn ẹ̀dá yẹn, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

KIC 8462852 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ìràwọ̀ Tabby lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, nítorí Tabetha Boyajian, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣáájú ìwádìí rẹ̀. Ó tóbi ju oòrùn wa lọ, àmọ́ ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọdún 1,470 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú lásán ò lè rí i.

Ẹ̀rọ Kepler, tí àjọ NASA rán lọ sójú òfuurufú lọ́dún 2009, ló ń ṣọ́ ọ nígbà náà. Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fura o! Àwọn èèyàn lásán tó jókòó sílé, tí wọ́n ń bá wọn yẹ àkọsílẹ̀ Kepler wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kọ́kọ́ sọ pé eléyìí yàtọ̀.

Kí ni wọ́n rí? Bí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá bíi Júpítà bá kọjá níwájú ìràwọ̀ tó tó oòrùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 péré, á sì tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá retí rẹ̀. Ti Tabby ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2011, ó dín ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Lọ́dún 2013, ó lé ní ìdá 20. Kò sì ní àkókò kan pàtó.

Ibẹ̀ làhesọ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi ẹ̀rọ rédíò tẹ́tí sí i, wọn ò gbọ́ ohun kankan.

Àwọn aráàlú wá dá owó tó lé ní 100,000 dọ́là jọ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ó tún dín. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ búlúù rẹ̀ dín ju pupa lọ. Bó bá jẹ́ ohun líle ni ẹnì kan kọ́ síbẹ̀, gbogbo àwọ̀ ni ì bá dí bákan náà. Eruku kíkúnná ló máa ń ṣe báyìí.

Eruku ni, kì í ṣe ilé ẹ̀dá kankan. Ibi tí eruku náà ti wá ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí.