Pápákọ̀ Òfurufú Alákíà: Ibi tí ọ̀dà parí sí kọ́ lọ̀rọ̀ parí sí

Ẹni tó ń gbé Adégbayì kò nílò kí a júwe pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn fún un. Alákíà níbí ló wà, níjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni wọ́n sì fún un lọ́dún 2023. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kí rọ́nwéè, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, kúrò ní kìlómítà 2.4, kó di 3, kí bàálù ńlá lè máa gbéra níbẹ̀ lọ sókè òkun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aláàjì wa kò ní máa fi Èkó ṣe ọ̀nà mọ́.

Àmọ́ ìlú olókè ni Ìbàdàn. Nínú rọ́nwéè oníkìlómítà 3, òfin àgbáyé kò gbà kí ibi tó ga jù fi ju 30 mítà ga ju ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ. Wọ́n á gé òkè, wọ́n á fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ dí àfonífojì, omi òjò tó ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì wá ọ̀nà mìíràn. Ta ni yóò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹ tètè béèrè.

Lẹ́yìn ọ̀dà, ilẹ̀ gbọdọ̀ ṣófo síwájú: 60 mítà, kí wọ́n tún fi ó kéré tán 90 lé e, 240 ni wọ́n tiẹ̀ ń gbani nímọ̀ràn. Ní Mangalore, ní Íńdíà, lóṣù karùn-ún ọdún 2010, bàálù kan sáré kọjá òpin rọ́nwéè orí òkè, ó já sí kòtò. Èèyàn 158 ló kú nínú 166.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ọ̀rọ̀ yín rèé. Lójú ọ̀nà tí bàálù ń gbà bà, ìlà kan wà tí ojú ò rí, tó ń fi mítà 1 gòkè ní gbogbo 50 mítà. Ní nǹkan bíi kìlómítà kan sí rọ́nwéè, ilé kò gbọdọ̀ ga ju 20 mítà lọ. Orí rọ́nwéè ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe ilẹ̀ tiyín. Bí ilẹ̀ yín bá ti fi 12 mítà ga ju rọ́nwéè lọ, 8 péré ló kù. Bí rọ́nwéè bá sì sún síwájú, ìlà náà á bá a sún. Ilé tí kò ṣe nǹkan kan lánàá lè di ìdíwọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gba ìwé àṣẹ gíga ilé lọ́wọ́ NCAA.

Tíjọba bá gba ilẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 sanwó ilé àti ohun ọ̀gbìn. Owó tẹ́ ẹ fi ra ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àgbẹ̀ ló máa ń dùn jù. Ẹ ya fọ́tò kòkó àti ọ̀pẹ yín báyìí, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì gbé súfèè yín lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Àgódi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.