Ṣé Dandan Ni Kí O Ra Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde?

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Apple gbé MacBook Air tó ní chip M4 jáde. Dọ́là 999 ni iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó fi dọ́là 100 dín sí iye tí wọ́n ń ta ti M3 nígbà tó jáde lọ́dún 2024. Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí ẹni tó ti ní MacBook Air tẹ́lẹ̀ ra tuntun?

Kọ́kọ́ wo ohun tí kò yí pa dà. Láti orí M1 ọdún 2020 títí dórí M4, wákàtí 18 náà ni ilé iṣẹ́ yìí sọ pé bátìrì lè fi ṣiṣẹ́, téèyàn bá ń wo fíìmù. Nítorí náà, bí bátìrì rẹ bá ń tètè kú, ó lè jẹ́ pé ó ti gbó ni. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì wọ́n tó ríra ẹ̀rọ tuntun.

Ti mẹ́mórì yàtọ̀. Kò ṣeé fi kún lẹ́yìn tí a bá ti ra ẹ̀rọ náà. Gígábáìtì 8 ló wà nínú èyí tó rẹlẹ̀ jù títí di oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 16. Bí tìrẹ bá jẹ́ 8, tó sì ń falẹ̀ nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lójú rẹ̀, ìdí wà láti pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ 16, tó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ láìsí ìdíwọ́, pa owó rẹ mọ́. Lóòótọ́, ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ṣùgbọ́n kíkí kọ́ ni rírà.