Òrí Tó Ń Yọ́ àti Bátìrì Tó Ń Gbóná

Ẹ gbé òrí sínú oòrùn ọ̀sán ní Mowe. Kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ́. Kí ló yọ́ ọ? Ooru ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ìda tí a fi ń ṣe àbẹ́là. Bí ó ti ń yọ́, ó ń gba ooru mọ́ra, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná sí i títí yóò fi yọ́ tán.

Bátìrì lítíọ̀mù wà nínú fóònù wa, àti nínú ẹ̀rọ tí ń tan iná oòrùn ní Camp àti Ibafo. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, a máa gbóná. Ooru a máa sọ ọ́ di ògbólógbòó kíákíá. Bí ooru bá pọ̀ jù, ó lè gbiná.

Ní ọdún 2000, Al-Hallaj àti Selman ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé a lè fi ìda yí bátìrì ọkọ̀ ká. Bátìrì gbóná, ìda yọ́, ó gba ooru. Bátìrì sinmi, ìda tutù, ó tún dì.

Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá gbóná jù, ìda kò ní lè dì mọ́. Nítorí náà, ẹ gbé bátìrì sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má sì fi òrí pa bátìrì o! Òrí a máa jóná. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe bátìrì ni.