Bí Mo Bá Fojú Kan Wọlé Ṣóyínká, Ọ̀rọ̀ Ọ̀nà Ni N Ó Bá A Sọ

Bí àwọn ènìyàn bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ dilẹ̀, kì í pẹ́ tí ìbéèrè kan fi máa ń yọjú: nínú gbogbo àwọn ìlúmọ̀ọ́ká tí wọ́n wà láàyè lónìí, ta ni ó wù ọ́ jù lọ láti fojú kàn? Ní agbègbè wa, láti Mowe dé Ibafo, títí dé Ifọ ní apá kejì, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdáhùn sí i. Àwọn ọ̀dọ́ a máa dárúkọ Burna Boy tàbí Davido. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré ìdárayá a ní Tóbi Amúsàn ni, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, tí ó sá eré onífífò ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní ọdún 2022, tí ó sì fi gbé àkọsílẹ̀ tuntun kalẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìyá ọlọ́jà kan sọ fún mi pé Ngozi Okonjo-Iweala, ọ̀gá àgbà Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé láti ọdún 2021, ni òun fẹ́ rí, kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí ọjà fi wọ́n tó báyìí. Ní Ifọ, àwọn àgbà kan kò ní gbà kí ẹ dárúkọ ẹlòmíràn ṣáájú Olóyè Ebenezer Obey, nítorí Idogo ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1942, ibẹ̀ náà sì ni ojú irin àtijọ́ tí ó yà láti Ifọ parí sí.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni n ó mú. Bí mo bá sì ti dárúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn a mi orí, wọ́n a ní, "Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ìwọ tí o fẹ́ràn ìwé." Wọn kì í mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo fẹ́ bá bàbá náà sọ.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀

Ohun tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún 1934. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Aké. Ìyá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò, ó sì wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Lásìkò ogun abẹ́lé, ìjọba ológun tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù 22. Ní ọdún 1986, ó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ lítíréṣọ̀, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1994, lásìkò Abacha, ó sá kúrò nílùú; ó padà ní ọdún 1998. Nígbà tí ó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ní 2024, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ tí ó wà ní Èkó.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè bá a pàdé nínú èdè tiwa, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, Aké, sí Yorùbá, ó sì túmọ̀ Death and the King's Horseman, tí ó pè ní Ikú Olókùn-Ẹṣin.

Òkìkí náà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan mìíràn ni mo rí lára rẹ̀, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé.

Òǹkọ̀wé tí ó bọ́ sójú títì

Ní ìdajì kejì ẹ̀wádún 1970, Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí olùkọ́; gbogbo wọn ni ó ń pa. Ẹlòmíràn ì bá kọ ewì arò kan, kí ó sì padà sí kíláàsì. Ṣóyínká ti kọ tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀ yẹn. Eré oníṣe rẹ̀, The Road, ti jáde láti ọdún 1965. Ewì rẹ̀ kan tí ó wà nínú ìwé Idanre, ti ọdún 1967, sì dá lórí arìnrìn-àjò tí ó bá ikú pàdé lójú ọ̀nà ní ìdájí. Ó ti sọ tirẹ̀ lórí ìwé. Ọkọ̀ kò sì torí ìwé dúró.

Nítorí náà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí tábìlì, ó gbé e bọ́ sí ojú títì. Ní ọdún 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ilé-Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni òpómúléró rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká, ṣùgbọ́n èrò tí ó bí i kò kú. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, ìjọba Ibrahim Babangida dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Road Safety. Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tí ó ń darí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò dáadáa. Kò tíì pé ọdún méjì tí ọkùnrin yìí gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jókòó sí ilé, kí ayé máa wá kí i. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbà láti máa fi orí ara rẹ̀ ṣe wàhálà nítorí táyà tí ó ti jẹ tán, ìjánu ọkọ̀ tí kò mú mọ́, àti awakọ̀ tí ó ti mu paraga kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ lójú mi. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ bí a ti ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn tí wọ́n ń lọ dúró síbi tí ọ̀fọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ kò pọ̀.

Ògún kọ́ ni ó ń wakọ̀

Kò sí ẹni tí ó ka ìwé rẹ̀ tí kò mọ̀ pé Ògún ni òrìṣà tí Ṣóyínká yàn láàyò. Ní ọdún 1976, ó tẹ ewì gígùn kan jáde tí ó pè ní Ogun Abibiman. Ògún sì ni ó ni irin, òun ni ó ni ọ̀nà.

Ní agbègbè wa, bí ọkọ̀ bá forí sọ ọkọ̀, ẹ óò gbọ́ tí ẹnìkan yóò sọ pé Ògún ni ó ń bínú. Ẹlòmíràn a ní iṣẹ́ ayé ni. Bí ó bá jẹ́ ìparí ọdún, wọ́n a ní àwọn oṣù wọ̀nyí ń wá ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tí yóò tún béèrè pé irú eré wo ni awakọ̀ náà ń sá.

Bí ẹnìkan bá wà tí ó lè di ẹ̀bi náà ru Ògún, ẹni tí ó mọ oríkì Ògún tó bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ òrìṣà onírin jù lọ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ni ó jáde lọ ní kí wọ́n wọn eré ọkọ̀, kí wọ́n yẹ ìwé awakọ̀ wò. Nínú The Road, ọdún Ògún wà níbẹ̀, egúngún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó hú àmì tí ó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kọ́nà wà níwájú. Ọkùnrin tí ó hú u ní ìsọ̀ tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ti forí sọ, ó sì tún ń ṣe ayédèrú ìwé awakọ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà kò ní ka eré yẹn sí àlọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń tú irin ẹ̀bá ọ̀nà lọ tà fún àwọn onírin àlòkù. Ọwọ́ ènìyàn náà ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ sí òdì ọ̀nà nítorí pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti pọ̀ jù fún un.

Ohun tí n ó fi hàn án

Bí bàbá náà bá gbà láti wá, òwúrọ̀ ni n ó ní kí wọ́n dé, kí a lè jọ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Mowe.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ yìí ní ọdún 1978, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí ọkọ̀ lè sáré láti Èkó dé Ìbàdàn, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 127, láìdúró. Mowe àti Ibafo kò tíì di ohun tí wọ́n dà lónìí. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ Èkó wọ́n, tí owó ilé gbówó lórí, tí àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá ń wá ibi tí wọ́n lè sùn sí. Ilé dé, ọjà dé, ilé-ìwé dé. Bí ọ̀nà tí wọ́n là fún ọkọ̀ tí kò ní dúró ṣe di ojúde ìlú nìyẹn. Láti ọdún 2013 ni iṣẹ́ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ojú ọ̀nà sì dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti dán sí i ni eré ń pọ̀ sí i, ọmọ tí ó fẹ́ kọjá kò sì ga ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ.

N ó fi ìyá alákàrà kan hàn án. Láràárọ̀, ó máa ń fi àgbadà rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, á di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, á dúró títí àyè yóò fi yọ láàárín ọkọ̀ agbépo àti dáńfó, á sì sín ọmọ náà dé òdìkejì. Á wá dá padà lóun nìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ó ń ṣe èyí. Kò sí ìwé ìròyìn tí yóò kọ nípa rẹ̀, nítorí kò tíì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a óò dé Ifọ, níbi tí ọ̀nà àtijọ́ Èkó sí Abẹ́òkúta ti la ìlú kọjá, tí tírélà tí ó ru sìmẹ́ǹtì láti apá Ewékorò ń bá ẹlẹ́sẹ̀ du ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin tuntun, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, ń gba agbègbè yẹn kọjá pẹ̀lú, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ọ̀nà jà ni wọ́n fi dá ọ̀nà tí kò ní kọ́nà burúkú lọ́lá.

Ní ti oúnjẹ, ìyẹn kò le. Ìlú Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mowe. Ìrẹsì Ọ̀fàdà inú ewé pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ni n ó gbé kalẹ̀. Bí bàbá náà ti jẹ́ ọdẹ, bóyá wọn yóò mú ẹran tiwọn dání.

Ìbéèrè mẹ́ta

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí n ó bi wọ́n ni èyí: "Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń bá awakọ̀ tí ó gbà pé kò sí ohun tí ó lè pa òun sọ̀rọ̀, tí ẹ kò fi bú u, tí òun náà kò sì fi bínú lọ?" Èkejì: "Nígbà tí wọ́n tú ẹgbẹ́ yín àkọ́kọ́ ká, kí ni kò jẹ́ kí ẹ sọ pé ẹ ti gbìyànjú, kí ẹ sì padà sídìí kíkọ ìwé?" Ẹ̀kẹta ni ó kan èmi àti ìyá alákàrà jù: "Kí ni kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa, yàtọ̀ sí pé kí wọ́n máa sáré?"

N kò fi ìbéèrè kẹta yìí ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìjàǹbá ojú pópó ń pa nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn lọ́dọọdún, òun sì ni ó ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí ọdún 29 jù lọ lágbàáyé. Àwọn ọmọ tí a ń fún lóúnjẹ láàárọ̀, tí a ń wọ̀ ní aṣọ ilé-ìwé, ni ìṣirò yẹn ń bá wí.

Bí n kò bá fojú kàn wọ́n láéláé, ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ wà nítòsí. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí wọ́n ń pè ní Special Marshal: olùkọ́, oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọn kì í gba owó oṣù. Nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni 122. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé yín, kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹ bi ará ilé yín ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí nígbà tí ẹ bá ń jẹun alẹ́. Kí olúkúlùkù sọ ẹni tí ó fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó parí sórí orúkọ àti àwòrán tí wọn yóò jọ yà. Ẹ bi wọ́n pé, bí onítọ̀hún bá jókòó tì wọ́n nísinsìnyí, tí kò sì ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ni wọn yóò bá a sọ. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ ohun tí ó ń jẹ ọmọ yín lọ́kàn.