Ìwàásù kò wọ́n ní Ìyànà-Ìbà, ẹni tó máa dúró ló wọ́n

Tí ẹ bá wọ dánfó láti Mile 2 lọ sí Ìyànà-Ìbà láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ ìwàásù ẹ̀ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ti àkọ́kọ́ á wá láti ẹnu arákùnrin tó so táì, tó ti múra sílẹ̀ kí kọ́ńdọ́ tó gba owó tán. Ìkejì wà lẹ́bàá títì, inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sórí àga onírọ́bà ló ti ń jáde. Ní Okokomaiko ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè ṣọ́ọ̀bù, ó wà lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì, ó wà nínú ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru tibí ń bá ìṣọ́ òru tọ̀hún pariwo. Nítorí náà, tí wọ́n bá kéde nínú ìjọ pé ká mú ìhìnrere tọ àwọn tálákà àdúgbò wa lọ, mo máa ń bi ara mi pé: èwo ni wọn ò tíì gbọ́?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kristẹni ni mí, Ìbà ni mò ń gbé, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Lúùkù orí 4 ò lọ́jú pọ̀ rárá. Jésù wọ sínágọ́gù ní Násárétì, ó ka ìwé Aísáyà, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé ìhìn ayọ̀ tí wọ́n fi rán òun, ti àwọn tálákà ni. Àwọn ló kọ́kọ́ dárúkọ, kì í ṣe àwọn ará Lekki. Ohun tó ń bí mi nínú ni bá a ṣe sọ iṣẹ́ yẹn di nǹkan wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. A ó pín ìwé ìléwọ́, a ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí status WhatsApp, ó parí.

Obìnrin kan ń dín àkàrà nítòsí ibi tí mo ti máa ń wọkọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Màmá, ṣé àwọn oníwàásù máa ń dé ọ̀dọ̀ yín?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìdì ìwé ìléwọ́ hàn mí lábẹ́ tábìlì. “Òun kọ́ ni mo fi ń pọ́n àkàrà fún ẹ yìí? Àmọ́ ọmọ mi, mo máa ń kà á kí n tó fi pọ́n nǹkan o.” Ó ní ọ̀kan wà tí òun tọ́jú, torí nọ́ńbà fóònù wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ibà dá ọmọ rẹ̀ obìnrin dùbúlẹ̀, tí kò sí owó oògùn, ó pe nọ́ńbà náà. Ẹni tó gbé e bá a gbàdúrà dáadáa, ó ní kó wá sí ìsìn ìtúsílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kó sì mú irúgbìn dání. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tó pè. Alátà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mùsùlùmí ni, òun ló yá a lówó tí wọ́n fi tọ́jú ọmọ náà. Jésù ti pa irú ìtàn yìí rí. Ará Samáríà ló wà nínú tiẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Kó tó di ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, lítà epo bẹntiróò kan ò tó náírà 200. Lọ́jọ́ yẹn ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, lítà kan ti lé ní 480. Ẹni tó ń gbé Okokomaiko, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, ló lè ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe sí owó ọkọ̀. Rélùwéè Blue Line tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko, Mile 2 ló parí sí nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ṣáájú gbogbo èyí, ní 2022, àjọ NBS ti sọ pé ọmọ Nàìjíríà mílíọ̀nù 133 ló wà nínú ìṣẹ́. Torí náà, tá a bá ń pe “tálákà” nínú ìjọ, kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn là ń pè. Kọ́ńdọ́ yẹn wà níbẹ̀. Alábàárù ọjà Alábà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó mu gààrí sùn lánàá, tó tún kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin lónìí, òun náà wà níbẹ̀.

Ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà tiwa yìí gan-an, ní Àgbádárìgì, ni ìhìnrere gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ta ló ń wá a? Àwọn Sàró ni, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú rí, tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Sierra Leone, tí wọ́n sì ń rọra padà wálé. Nígbà tó fi máa di 1843, William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ ti dá ilé ìwé sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Ajayi Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, dé Àgbádárìgì ní oṣù Kìíní 1845. Ó fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ogun dí ọ̀nà, ó sì lo ohun tó lé ní ọdún kan níbẹ̀. Kò jókòó lásán. Èdè wa tí wọ́n wá fi tẹ Bíbélì, ọwọ́ ọkùnrin tó ti ṣẹrú rí yìí ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti wá. (Mi ò ní àwọn òyìnbó ìjọ ò ní ẹ̀bi tiwọn. Bí wọ́n ṣe ṣe Crowther lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ìtìjú ni.)

Ẹ sún mọ́ ìgbà tiwa díẹ̀. Káfíńtà ni Samuel Bilehou Oshoffa tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947. Àwọn apẹja ló gbé e dé Mákòko. Josiah Akindayomi tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Ìràpadà ní 1952, kò mọ ìwé kà. Lónìí, a ń sọ pé à ń gbé ìhìnrere “lọ bá” tálákà, bí ẹni pé kì í ṣe ọwọ́ tálákà la ti gbà á.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: ṣé ìjọ ló di ìjọba ni? Ká pa ọ̀rọ̀ ọkàn tì, ká wá máa pín ìrẹsì? Rárá o. Ìrẹsì tí wọ́n fi kámẹ́rà se ọbẹ̀ rẹ̀, tí obìnrin àgbàlagbà ní láti di àpò rẹ̀ mú kó rẹ́rìn-ín sí fóònù kó tó lè gbé e lọ, èmi ò fẹ́ ìyẹn náà. Àmọ́ Jákọ́bù, ní orí kejì ìwé rẹ̀, fi àwọn tó ń kí ẹni ebi ń pa kí wọ́n tó kọjá lọ ṣe yẹ̀yẹ́ gidi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìdàpọ̀ ní LASU, ẹ mú bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Ẹ lọ síbẹ̀ fún ọdún kan, kẹ́ ẹ mọ orúkọ àwọn tó ń tajà níbẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé ìléwọ́ yín jẹ́ èyí tí ẹni tó bá gbé e á lè wá ní Ọjọ́rú.

Màmá kan wà ní Ìbà tó ń ta òkìrìkà. Ìjọ tó ń lọ kéré, kò ní pátákó lójú títì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó máa ń kó àwọn ọmọ tó ń kiri píọ́ wọ́tà jọ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní A, B, D. Bíbélì Yorùbá ni ìwé tí wọ́n ń kà, torí òun ló wà nílẹ̀. Ó mọ orúkọ ìyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì mọ èyí tí kò tíì jẹun. Mo bi í pé kí ni kí n bá a sọ fún ìjọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀kì ti tán.