Bàálù tó ń fò rẹlẹ̀ lójú ọ̀run Houston: Ìran àrímáleèlọ tó lè di ẹkún

Ọmọ Yorùbá tó bá ti pẹ́ ní Houston mọ̀ pé bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, ọ̀run apá gúúsù ìlà-oòrùn ìlú náà kì í dákẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣe àṣehàn bàálù tí wọ́n ń pè ní Wings Over Houston ní pápákọ̀ òfuurufú Ellington. Tọkọtaya á kó ọmọ sọ́kọ̀, wọn á gbé kúlà omi àti àga ìjókòó dání, ó di pápá. Bí bàálù ológun bá ré kọjá lókè orí, ọmọdé á fọwọ́ dí etí, àgbà á na fóònù sókè, àyà gbogbo wọn á sì máa lù kìkì. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni bàálù ṣe lè fò rẹlẹ̀ tó, kí ayọ̀ má baà di ìbànújẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́: ìran náà dùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, bàálù Boeing 747 ti iléeṣẹ́ NASA gbé ọkọ̀ Endeavour, èyí tó ti lọ sí òfuurufú jíjìn nígbà 25, pọ̀n sẹ́yìn bí ìyá ọmọ, ó sì fò rẹlẹ̀ yí Houston ká kó tó balẹ̀ sí Ellington. Los Angeles ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí yóò ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Inú ọ̀pọ̀ ará Houston kò dùn pé ìlú tí wọ́n ti ń darí ìrìnàjò náà kò rí ọkọ̀ kankan gbà nínú àwọn tó ṣẹ́kù. Síbẹ̀, èrò tú síta láti wò ó. Bàálù 747 náà gan-an ti wà ní Space Center Houston báyìí, wọ́n sì gbé àwòṣe ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Independence lé e lẹ́yìn.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde. Ikọ̀ Blue Angels ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi bàálù mẹ́fà tó tò tẹ̀ léra wọn kọjá lórí Houston láti kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àwa Yorùbá kò lè fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣeré. Bóyá ni ẹ fi máa rí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Houston tí kò ní nọ́ọ̀sì tàbí dókítà nínú, àwọn ènìyàn wa sì wà lára àwọn tó ń dojú kọ àrùn náà nígbà tí àwọn yòókù ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ariwo bàálù náà, ṣùgbọ́n ìwúrí ńlá ni.

Kí ló fà á tí ó fi máa ń wọni lára bẹ́ẹ̀? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bàálù ológun tó ń sáré 740 kìlómítà ní wákàtí kan ń ré kọjá nǹkan bíi mítà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn fúnra rẹ̀ kò ju bíi mítà 340 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí bàálù náà bá wà ní kìlómítà kan sí yín, ohùn tó pa níbẹ̀ yóò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó dé etí yín, bàálù náà yóò sì dé láàárín márùn-ún. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló wà láàárín ìgbà tí ẹ gbọ́ ọ àti ìgbà tó wà lókè orí yín. Bí ara ṣe ń ta gìrì nìyẹn.

Ìṣirò yìí kan náà ló fi ewu rẹ̀ hàn. Ẹsẹ̀ bàtà 500 kò ju bíi mítà 150 lọ. Bí bàálù tó ń sáré bẹ́ẹ̀ bá dorí kodò ní gíga yẹn, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó kanlẹ̀. Awakọ̀ tó wà lókè réré láyè láti tún àṣìṣe ṣe. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní in.

Ìdí nìyẹn tí àjọ FAA, tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fi ní òfin. Lórí ìlú tí èrò pọ̀ sí, bàálù gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ga ju ohun tó ga jù lọ ní agbègbè náà, àfi bó bá fẹ́ balẹ̀ tàbí gbéra. Níbi tí èrò kò pọ̀ sí, ẹsẹ̀ bàtà 500 ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ nítorí àṣehàn gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Níbi àṣehàn, wọ́n máa ń fa ìlà síwájú èrò, bàálù sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìlà náà ní ẹsẹ̀ bàtà 500 títí dé 1,500, bí eré rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá ti wo egúngún nílé yóò mọ ohun tí à ń sọ. Egúngún ń jó, àwọn tó mú pàṣán sì ń lé èrò sẹ́yìn kí agbo má baà fún. Ìlà yẹn ni pàṣán wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1951, bàálù kan já lu àwọn òǹwòran ní ìlú Flagler ní ìpínlẹ̀ Colorado, èèyàn 20 sì kú. Ní Ramstein ní Jámánì lọ́dún 1988, àádọ́rin èèyàn ló bá a lọ nígbà tí àwọn bàálù mẹ́ta kọlu ara wọn. Ní Sknyliv ní Ukraine lọ́dún 2002, èèyàn 77 ló kú. Ti Shoreham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015 tún wá yàtọ̀: àwọn mọ́kànlá tó kú kò sí nínú pápá rárá, ẹ̀bá títì àti orí títì ni bàálù náà ti bá wọn.

Nígbà tó yá, ó kan ará Houston gan-an. Bàálù ajubọ́ǹbù B-17 kan wà láti ayé Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n ń pè ní Texas Raiders. Conroe, lápá àríwá Houston, ni ibùgbé rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ bàálù níhìn-ín sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, níbi àṣehàn kan ní Dallas, bàálù P-63 kan yí wá láti ẹ̀yìn, ó sì gé e sí méjì lójú ọ̀run. Èèyàn mẹ́fà ló kú, márùn-ún nínú B-17 àti ẹnì kan nínú P-63. Àjọ NTSB tó ṣèwádìí rẹ̀ ṣàlàyé pé wọn kò ṣe ètò tó péye ṣáájú láti ya àwọn bàálù náà sọ́tọ̀ síra wọn. Àṣẹ tí ẹni tó ń darí àṣehàn náà ń pa lórí rédíò, àti ojú awakọ̀ kálukú, ni wọ́n gbára lé. Ojú kò sì tó o.

Nílé ńkọ́? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí Nàìjíríà ṣayẹyẹ òmìnira ọdún 58, bàálù F-7Ni méjì ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú já ní òkè Katampe l'Abùjá. Ìgbáradì fún àṣehàn ọjọ́ òmìnira ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Awakọ̀ kan kú nínú àwọn mẹ́ta tó wà nínú wọn.

Kì í sì í ṣe àṣehàn nìkan ló léwu. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ẹlikópítà kan kọlu òpó rédíò ní àdúgbò Second Ward ní Houston níbí. Mẹ́rin ni àwọn tó wà nínú rẹ̀, ọmọdé kan sì wà lára wọn. Kò sí ẹni tó yè. Ìsàlẹ̀ ọ̀run kò ṣófo bí a ṣe rò: òpó wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, ilé gíga wà níbẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ wòran o. Lójú tiwa, ibi tí wọ́n ti fa ìlà tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé e sàn ju ẹ̀bá títì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ, ẹ wọ inú pápá, ẹ má lọ páàkì sábẹ́ ibi tí bàálù ń gbà kọjá nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ohun ìdáàbòbò etí fún àwọn ọmọ, ìkókó pàápàá, nítorí ariwo tó ń wu àgbà lè ba etí ọmọ jẹ́. Ẹ fi dírónù sílẹ̀ nílé, ohun kékeré lójú ọ̀run lè pa awakọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún. Ẹni tó ń pàṣẹ yẹn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Flagler.

Ìran tó dára ni èyí tí èèyàn rí, tó sì délé láti ròyìn rẹ̀.